Fífi Ọ̀pá Fò: Ẹ̀kọ́ fún Ọ̀dọ́ Eléré àti fún Àwọn Òbí Rẹ̀

Nígbà tí olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan kan fún àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa, ó fi kún un pé òun kò fẹ́ ìwàásù. Mo gbà fún un. Ẹ̀kọ́ orí pápá ni mo mú wá, ọ̀kan tí àwa tí a wà níhìn-ín ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lónìí kò tíì fojú rí àfi lórí tẹlifíṣọ̀n. Fífi ọ̀pá fò ni. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Èkíní, ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ń gbèrò láti ra ohun èlò eré yìí fún ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn àjọ̀dún. Èkejì, àwọn kan nínú yín tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà ti bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi ọ̀pá fò ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọn níbẹ̀, nítorí ẹ gbọ́ pé mo bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ nígbà tí mo wà ní ìlú náà. Ìdáhùn kan náà ni mo ní fún ìbéèrè méjèèjì: gíga tí ọmọ yóò fò, orí ilẹ̀ ni ó ti ń wá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò fi owó ra ohun tí kò yẹ, yóò sì fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu.

Ọparun ni a fi ń fò ní ìgbà tiwa, inú yanrìn ni a sì ń balẹ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìní ilẹ̀ wa nìkan ló fà á. Ọparun ni Cornelius Warmerdam ará Amẹ́ríkà dì mú ní ọdún 1940, nígbà tí ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó fo ẹsẹ̀ bàtà 15, èyí tí í ṣe mítà 4.57. Ní ọdún 1942 ó fo mítà 4.77, kò sì sí ẹni tí ó borí rẹ̀ títí di ọdún 1957. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bob Richards dé, àlùfáà tí a fi jẹ oyè iṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú ìjọ Church of the Brethren. Ọ̀pá irin ni ó fi gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Helsinki ní ọdún 1952, ó sì tún gbà á ní Melbourne ní ọdún 1956. Kò sí ọkùnrin mìíràn tí ó gba wúrà eré yìí lẹ́ẹ̀mejì títí Armand Duplantis ti ilẹ̀ Sweden fi ṣe é ní Paris ní ọdún 2024. Inú mi a máa dùn láti sọ ìtàn Richards fún àwọn tó gbà pé ẹ̀wù àlùfáà àti ṣòkòtò eré kò gbọdọ̀ bára wọn gbé inú àpótí aṣọ kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan ni mo ṣe dárúkọ wọn. Ọ̀pá tí wọ́n ń lò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀. Bí wọn kò bá sáré dáadáa, bí wọn kò bá sì gbéra níbi tó yẹ, ọ̀pá náà kò ní bò wọ́n láṣìírí. Nígbà tí ọ̀pá fáíbágíláàsì gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, gíga ń lọ sókè lọ́dọọdún. Sergey Bubka fo mítà 6 ní Paris ní ọdún 1985, ẹni àkọ́kọ́ láyé tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Duplantis sì fo mítà 6.25 ní ìlú kan náà nígbà tí ó gba wúrà rẹ̀ kejì. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo bí ọ̀pá náà ti ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ tí ó sì ń ta padà, wọ́n sì ń rò pé ọ̀pá ni ó ń ju ènìyàn sókè. Láti inú èrò yìí ni àṣìṣe wọn gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kò ní agbára kankan tirẹ̀. Alájọ ni. Ohun tí o bá dá sọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kó fún ọ, yóò sì yọ díẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ físíìsì lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ká ní ọmọ kan ń sá mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ó dé ibi ìgbéra. Ẹ fi 8 sọ 8 di púpọ̀, ó di 64. Ẹ fi 19.62 pín in, ìyẹn ìlọ́po méjì 9.81 tí a fi ń ṣírò bí ilẹ̀ ti ń fa nǹkan wálẹ̀. Ó di mítà 3.26. Bẹ́ẹ̀ ni eré sísá rẹ̀ lè gbé àárín ara rẹ̀ ga tó, bí kò bá sí ohun kankan tó ṣòfò. Àárín ara náà sì ti wà ní nǹkan bí mítà kan sí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ náà bá wá lè sá mítà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 3.26 yóò di 4.13. Sẹ̀ntímítà 87 ni ìyàtọ̀ rẹ̀, a kò sì tíì fọwọ́ kan ọ̀pá tuntun kankan. Nítorí náà ọmọ tí ó fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú fífi ọ̀pá fò, kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà, kí ó máa bá wọn ṣe ìdánrawò.

Ṣùgbọ́n eré sísá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ yàtọ̀ sí eré sísá lásán. Ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún yóò fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú lókè, ọwọ́ òsì yóò wà nísàlẹ̀, àlàfo àárín wọn yóò tó ìwọ̀n èjìká rẹ̀ tàbí kí ó fi díẹ̀ jù ú lọ, ẹsẹ̀ òsì ni yóò sì fi gbéra. Kí ọlọ́wọ́ òsì yí gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀, kí orí ọ̀pá wà lókè. Bí a bá gbé e ní ìbú láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwúwo orí rẹ̀ yóò máa fa ọmọ náà síwájú, kò sì ní lè gbé orúnkún rẹ̀ sókè. Bí eré ti ń pọ̀ sí i ni orí ọ̀pá ń rọra sọ̀kalẹ̀, tí yóò fi dé inú àpótí tí a rì sínú ilẹ̀ ní ìparí ọ̀nà ìsáré. Àpótí yìí kò tóbi: gígùn rẹ̀ tó mítà kan, ó sì jìn tó 20 sẹ̀ntímítà níbi tí ọ̀pá ti ń kọ lu ògiri rẹ̀. Kí ọmọ má ṣe tẹjú mọ́ ọn bí ó ti ń sáré bọ̀, kí ó gbójú sókè. Ojú tó ń wo ilẹ̀ a máa fa èjìká wálẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ ni ìṣísẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ń pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n fi eré sísá kó jọ. Ní ìṣísẹ̀ kẹta sí ìparí, ọwọ́ ọ̀tún tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá, yóò sì nà tán lókè orí kí ẹsẹ̀ ìgbéra tó kúrò nílẹ̀. Ọmọ tí kò bá tètè bẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀pá ti kọ lu ògiri àpótí nígbà tí ìgbọ̀nwọ́ òun ṣì ká ní ẹ̀gbẹ́ etí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: eré tó ń bọ̀ pẹ̀lú ipá dúró lójijì, èjìká àti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni ó sì ń gba ìyà rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìrora ẹ̀yìn tí àwọn ọ̀dọ́ afọ̀páfò ń ráhùn nípa rẹ̀ kò wá láti inú ìjábọ́, ibẹ̀ ni ó ti ń wá.

Ẹsẹ̀ ìgbéra ńkọ́? Abẹ́ ọwọ́ òkè gan-an ni ó yẹ kí ó wà. Ẹ rántí bí bírikìlà ti ń fi okùn ìwọ̀n wo ògiri. Bí a bá so okùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà ní àkókò ìgbéra, orí ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni ó yẹ kí irin okùn náà bọ́ sí. Bubka àti olùkọ́ rẹ̀, Vitaly Petrov, tilẹ̀ lépa ohun tó ṣòro ju èyí lọ: wọ́n fẹ́ kí ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kéékèèké kan kí ọ̀pá tó fi gbogbo ara tẹ ògiri àpótí. Èmi kì í béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ẹsẹ̀ bá ti wà lábẹ́ ọwọ́, ó tó. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbà ni kí ẹsẹ̀ kọjá abẹ́ ọwọ́ lọ sí ìhà àpótí. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n bàtà kan péré, ọ̀pá yóò fa ọmọ náà sẹ́yìn dípò kí òun ti ọ̀pá síwájú.

Olùkọ́ tó bá rí àṣìṣe yìí a máa sún àmì ìbẹ̀rẹ̀ ọmọ náà sẹ́yìn, wàhálà náà kì í sì í tán. Ọ̀nà tí mo rí pé ó dára jù ni kí a fi àmì kejì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìsáré, ní ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ nígbà tí ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Kí olùkọ́ dúró níbẹ̀, kí ó máa wò. Bí ọmọ náà kò bá tẹ àmì yìí, nígbà náà ni a lè sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ ẹ́ déédéé, tí ẹsẹ̀ ìgbéra rẹ̀ ṣì kọjá abẹ́ ọwọ́, a jẹ́ pé ó ń na ẹsẹ̀ jù ní ìparí nítorí ó ń wá ibi tí yóò ti fò. Àmì ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣẹ̀ é. Kí a kọ́ ọ láti máa mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yá sí i bí ó ti ń sún mọ́ àpótí, bí ìlù tó ń yára sí i. Àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà a máa kọ́ ọmọ láti ka ẹsẹ̀ òsì nìkan, láti ẹ̀yìn wá síwájú: mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Ìkà yìí wúlò púpọ̀, nítorí ó ń dá ọkàn ọmọ dúró tí ìbẹ̀rù kò fi ní rí ààyè wọlé.

Nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè, n kò ní sọ púpọ̀. Orúnkún ọ̀tún lọ síwájú, ẹsẹ̀ òsì tí a fi gbéra wà ní nínà sẹ́yìn, ó sì fì bọ̀ bí ọmọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fì nínú agogo. Ẹsẹ̀ tó gùn ni ó ń fì lágbára; àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa kánjú ká a mọ́ra, agbára ìfì náà a sì kú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbàdí gòkè, tí orí wá sísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì wà lókè, tí ara nà tẹ̀lé ọ̀pá, tí ó yí padà tí àyà fi kọjú sí ìdábùú, tí ọwọ́ sì ti ọ̀pá padà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni a fi ń balẹ̀, ní àárín tìmùtìmù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹsẹ̀ balẹ̀ láti fi hàn pé òun gbóyà, ọrùn ẹsẹ̀ a máa yẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀pá kò bá sì gbé ọmọ dé orí tìmùtìmù, kí ó má ṣe ju ọ̀pá sílẹ̀ lójijì. Kí ó dì í mú, kí ó bá a sọ̀kalẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ́ gbogbo èyí? Pẹ̀lú ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ìdábùú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó kọ́kọ́ máa rìn lórí koríko pẹ̀lú ọ̀pá, kí ó máa gbé ọwọ́ sókè ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ní ogún ìgbà lójúmọ́, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìronú. Kí ó lọ sí ibi yanrìn tí àwọn tó ń fò jìnnà ń lò, kí ó fi ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà gbéra, kí ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ kọjá láìga. Kí ó má ṣe di ọ̀pá mú ju àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ sókè ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé bí ó bá gbé ọ̀pá náà dúró lórí ilẹ̀. Okùn tí a so mọ́ ẹ̀ka igi tó lágbára yóò kọ́ ọ ní ìfì. Irin tí a fi ń nara yóò kọ́ ọ bí a ti ń gbé ìbàdí sókè ju orí lọ. Yelena Isinbayeva, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó fo mítà 5, ní London ní ọdún 2005, inú ìdárayá bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá kí ó tó mú ọ̀pá. Ẹ̀yin òbí ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: láti ọdún 2000 ni àwọn obìnrin ti ń fi ọ̀pá fò ní Òlíńpíìkì, kò sì sí ìdí tí a ó fi ya àwọn ọmọ yín sọ́tọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá ti ń fi ìṣísẹ̀ mẹ́fà gbéra dáadáa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kí a fi ìṣísẹ̀ méjì kún un. Kí a má ṣe fi kún un nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sá mẹ́rìnlá.

Mo dé ibi ọ̀pá fúnra rẹ̀ báyìí. Lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni a kọ gígùn rẹ̀ àti ìwúwo ẹni tó lè lò ó sí. Òfin àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà kò gba ọmọ láàyè láti lo ọ̀pá tí ìwọ̀n tí a kọ sí i lára kéré sí ìwúwo rẹ̀. Ọmọ tí ó wọn kílò 68 kò gbọ́dọ̀ mú ọ̀pá ti kílò 60, bó ti wù kí ó rọrùn fún un láti tẹ̀ ẹ́ tó. Ọ̀pá tó rọ̀ jù lè ṣẹ́, ó sì lè ju ọmọ síta tìmùtìmù. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún a sì máa wúwo sí i láàárín oṣù díẹ̀; kí a máa gbé e sórí ìwọ̀n déédéé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sí ìdí tìmùtìmù lọ́hùn-ún dípò àárín rẹ̀, ó ti borí ọ̀pá náà, ó tó àkókò láti mú èyí tó le jù ú lọ. Bí ó bá sì ń balẹ̀ sítòsí àpótí, kí ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lára ọ̀pá. Èyí tí mo ń rí jù lọ ni ọmọ tí ó ń gbé ọwọ́ gòkè nígbà tí ó yẹ kí ó sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ó gbà pé ọwọ́ tó ga ni yóò mú un fò ga. Ilẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń padà sí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lásán. Ní ọdún 2002 nìkan, ọ̀dọ́ mẹ́ta ni wọ́n kú nínú eré yìí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ tí ohun èlò pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ tìmùtìmù àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní òfin, tí ó fi di pé ìbú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí nǹkan bí mítà 6. Wọ́n sì tún ń fi fóòmù yí etí àpótí ká.

Nítorí náà, sí ẹgbẹ́ wa: mo ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí a ra ọ̀pá fáíbágíláàsì mẹ́fà, kí yanrìn sì máa jẹ́ ibi ìbalẹ̀ títí owó yóò fi tún wọlé. Mo lòdì sí i pátápátá. Yanrìn tó gba àwa tí a fi ọparun fò mítà méjì àti ààbọ̀ kò lè gba ọmọ tí ọ̀pá òde òní gbé dé mítà mẹ́rin. Kí owó àkọ́kọ́ lọ sórí rírán olùkọ́ eré ìdárayá wa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ti èkejì ra tìmùtìmù tó pé ìwọ̀n, pẹ̀lú ìbòrí tí òjò kò ní bà jẹ́ àti ilé tí a ó máa tì í mọ́, nítorí fóòmù tí a fi sílẹ̀ nínú òjò kan kì í pẹ́ di àkísà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí a ra ọ̀pá, oríṣiríṣi ìwọ̀n, kì í ṣe mẹ́fà tó bára mu. Bí owó náà kò bá tó ra tìmùtìmù, kí a fi ra ohun èlò eré ìfodi àti yanrìn tuntun fún àwọn tó ń fò jìnnà, kí a sì dúró.

Sí ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà: ẹ jẹ́ kí ó ṣe é, bí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní pápá, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìgbà wo ni ẹ gbé ọmọ mi sórí ìwọ̀n kẹ́yìn? Ọ̀pá ti kílò mélòó ni ó ń lò? Ìṣísẹ̀ mélòó ni yóò fi bẹ̀rẹ̀? Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé ẹ béèrè. Bí ó bá ní kí ọmọ náà sá ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín máa bá àwọn tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà lọ títí di ọdún tó ń bọ̀.